Òkú ni àbí alààyè? Ìbéèrè àti ìdáhùn lórí òfin ikú ọpọlọ ní Jàpáànù

Ìròyìn kan ń ti orí fóònù bọ́ sórí fóònù pé ní Jàpáànù, ẹbí aláìsàn ló ń pinnu bóyá èèyàn wọn ti kú. Ìbéèrè ò tán lẹ́nu àwọn òǹkàwé.

Ṣé òótọ́ ni?
Ó kù díẹ̀ kó jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Kí ni ikú ọpọlọ?
Ọpọlọ ti dákẹ́ pátápátá, kò sì lè padà bọ̀ sípò, àmọ́ ẹ̀rọ ṣì ń bá aláìsàn mí, ọkàn rẹ̀ sì ń lù. Ìyá di ọwọ́ ọmọ mú, ọwọ́ gbóná, dókítà ní ọmọ ti kú. Ta ni yóò tètè gbà?

Ibo ni ẹbí ti wọ̀ ọ́?
Lábẹ́ òfin ọdún 1997, wọn kì í ka ikú ọpọlọ sí ikú àfi tí wọ́n bá fẹ́ yọ ẹ̀yà ara fún ẹlòmíì. Ìgbà méjì ni wọ́n ń yẹ àgbàlagbà wò, ó kéré tán wákàtí 6 láàárín. Ìgbà tí àyẹ̀wò kejì parí ni wọ́n ń kọ sílẹ̀ pé ó kú. Ẹni tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì kejì, tí àìsàn wọn rí bákan náà, tí ẹbí rẹ̀ kò gbà, alààyè ni títí ọkàn rẹ̀ yóò fi dúró. Òfin ti gbà bẹ́ẹ̀, ó kù sọ́wọ́ àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ láti jiyàn lé e lórí.

Nígbà tí òfin 1997 yẹn bẹ̀rẹ̀, aláìsàn gbọ́dọ̀ ti fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ pé òun fẹ́ fi ẹ̀yà ara òun tọrẹ, ẹbí ò sì gbọdọ̀ takò ó. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 15 kò lè fi ẹ̀yà ara tọrẹ lẹ́yìn ikú ọpọlọ, ìyẹn ló jẹ́ kí àwọn òbí máa dá owó jọ láti gbé ọmọ tó nílò ọkàn lọ sí Amẹ́ríkà. Wọ́n tún òfin ṣe ní 2009, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2010: tí aláìsàn kò bá sọ nǹkan kan, ọ̀rọ̀ ẹbí ti tó, kódà fún ọmọdé. Àmọ́ bí aláìsàn tilẹ̀ ti gbà, tí ẹbí bá kọ̀, kò ní ṣeé ṣe.

Ṣé ẹ̀sìn ló fà á?
Ohun tí wọ́n sábà máa ń sọ nìyẹn: pé wọn ò fẹ́ kí òkú lọ láì ní gbogbo ẹ̀yà ara rẹ̀. Ó wà níbẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ lójú tèmi, àìfọkàntán dókítà ló wúwo jù. Ní oṣù kẹjọ 1968, Dókítà Wada Juro ṣe ìpààrọ̀ ọkàn àkọ́kọ́ ní Jàpáànù, ní ìlú Sapporo. Inú omi ni ọ̀dọ́ tí wọ́n yọ ọkàn rẹ̀ ti kàgbákò. Ẹni tí wọ́n fi í sí lára lo ọjọ́ 83, ó kú. Dókítà kan náà ló ní ọ̀dọ́ yẹn ti kú, òun náà ló yọ ọkàn rẹ̀. Wọ́n fẹ̀sùn ìpànìyàn kàn án, ìjọba ní ẹ̀rí ò tó, àmọ́ ọgbẹ́ náà ò jinná. Ó tó ọdún 1999 kí ìpààrọ̀ ọkàn mìíràn tó wáyé níbẹ̀.

Ṣé wọn kì í pààrọ̀ ẹ̀yà ara ni?
Wọ́n ń ṣe é. Ara alààyè ni wọ́n ti ń rí ẹ̀dọ̀ jù: bàbá ń fún ọmọ, ọmọ ń fún ìyá.

Ọmọ mi wà níbẹ̀. Kí ló yẹ kó ṣe?
Kò sí ohun tó yẹ kó bà á lẹ́rù. Kó yí ìwé àṣẹ ìwakọ̀ rẹ̀ sẹ́yìn, nọ́ńbà mẹ́ta ló wà níbẹ̀. 1: mo fi tọrẹ, yálà ọpọlọ ló kú tàbí ọkàn ló dúró. 2: ó di ìgbà tí ọkàn bá dúró nìkan. 3: n kò fi tọrẹ. Tó bá mú 1 tàbí 2, ó lè fagi lé èyí tí kò fẹ́ kí wọ́n yọ: ọkàn, kíndìnrín, ojú. Kó sì pè yín, nítorí ẹ̀yin ni wọ́n máa bi. Àmọ́ tó bá ti mú 3, ẹbí ò lè yí i padà.