Ibi tí ìrìn ẹsẹ̀ lọ sí Namugongo ti ṣẹ̀ wá

Bí ọjọ́ 3 oṣù kẹfà bá ti ń kù sí dẹ̀dẹ̀, ojú ọ̀nà tó lọ sí Namugongo, lẹ́bàá Kampala ní Uganda, kì í gbèrò mọ́. Láti Kẹ́ńyà, Tànsáníà àti Rùwáńdà làwọn èèyàn ti ń wá, ọ̀pọ̀ wọn á sì fẹsẹ̀ rìn fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọjọ́. Àwọn tó kọ́kọ́ rin ìrìn yìí, ìyẹn àwọn Kristẹni tí wọ́n pa nítorí ìgbàgbọ́ wọn, kò fínnú fíndọ̀ rìn ín. Ṣe ni wọ́n dè wọ́n mọ́ ara wọn, tí wọ́n ń kó wọn lọ síbi tí wọ́n ti máa dáná sun wọ́n.

Oṣù kejì ọdún 1879 ni Fáda Siméon Lourdel àti Bùrọ́dà Amans, ọmọ ẹgbẹ́ àwọn míṣọ́nnárì Àgùdà tí wọ́n ń pè ní Àwọn Fáda Funfun, dé ìjọba Buganda, tó wà ní Uganda òde òní, láyé Kabaka (ọba) Mutesa. Àwọn Áńgílíkà ti ṣáájú wọn débẹ̀ ní 1877. Ní 1882, nǹkan le, àwọn fáda kó lọ sí gúúsù adágún Victoria, wọn ò sì padà títí di 1885. Ibí yìí ni ọkàn mi máa ń dúró sí jù nínú ìtàn náà. Fún nǹkan bí ọdún mẹ́ta, kò sí Máàsì, kò sí fáda tó ń gbọ́ ìjẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀. Àwọn ọmọ ìjọ fúnra wọn ló ń kọ́ ara wọn ní kátíkísì: Joseph Mukasa Balikuddembe láàfin, Matiya Mulumba Kalemba ní Mityana. Nígbà tí Lourdel máa fi padà dé, ìjọ ti pọ̀ ju bó ṣe fi í sílẹ̀ lọ.

Mutesa ti wàjà ní 1884, Mwanga ọmọ rẹ̀ sì ti jọba, ọ̀dọ́mọdé ni. Ẹ̀rù àwọn òyìnbó tó ń gba ilẹ̀ létí òkun ń bà á. Ní oṣù kẹwàá 1885, ó ní kí wọ́n pa Bíṣọ́ọ̀bù James Hannington ti Áńgílíkà ní Busoga. Mukasa, olórí àwọn ẹmẹ̀wà, sọ fún un lójúkojú pé ohun tó ṣe kò dáa. Ọjọ́ 15 oṣù kọkànlá, wọ́n bẹ́ Mukasa lórí. Ọjọ́ yẹn gan-an ni Charles Lwanga, tó bọ́ sípò rẹ̀, lọ ṣèrìbọmi.

Àwa tí a mọ ààfin mọ ohun tí ẹmẹ̀wà jẹ́. Ọmọ tí wọ́n fi jìn ọba ni, kò sì gbọdọ̀ sọ fọ́ba pé òun ò ṣe. Mwanga ń fẹ́ lo ara àwọn ọmọ wọ̀nyí lọ́nà tí ìgbàgbọ́ wọn kà léèwọ̀. Wọ́n kọ̀, Lwanga sì ń dáàbò bo àwọn tó kéré jù láàárín wọn.

Ọjọ́ 25 oṣù karùn-ún 1886, Mwanga tàjò ọdẹ erinmi dé sí Munyonyo, kò bá ẹmẹ̀wà kankan nílé. Denis Ssebuggwawo ń kọ́ Mwafu, ọmọ olórí ìjòyè, ní kátíkísì. Ọba fi ọ̀kọ̀ gún un, wọ́n sì pa á lọ́jọ́ kejì. Ní òru ọjọ́ 25 yẹn, Lwanga fọwọ́ ara rẹ̀ rì àwọn mélòó kan bọmi, Kizito wà lára wọn, ọmọ ọdún bíi mẹ́rìnlá. Ilẹ̀ mọ́, ọba ní kí àwọn tó ń gbàdúrà bọ́ sápá kan. Wọ́n bọ́ síbẹ̀.

Láti Munyonyo ni wọ́n ti darí wọn sí Namugongo. Wọ́n pa lára wọn lójú ọ̀nà. Ọ̀sẹ̀ kan ni wọ́n fi ń to igi. Ní ọjọ́ 3 oṣù kẹfà, tó bọ́ sí ọjọ́ Ìgòkè-re-ọ̀run, wọ́n dáná sun Àgùdà àti Áńgílíkà pa pọ̀. Mukajanga, olórí àwọn tẹ̀tú, ló tọ́ Mbaga Tuzinde dàgbà. Ó bẹ ọmọ náà títí pé kó sẹ́ ìgbàgbọ́ rẹ̀. Mbaga kọ̀. Mukajanga wá ní kí wọ́n kọ́kọ́ lù ú lọ́rùn pa, kó má bàa mọ oró iná.

Àgùdà 22 ni wọ́n ka gbogbo wọn sí. Ẹni tó kẹ́yìn nínú wọn, Jean-Marie Muzeyi, kú ní oṣù kìíní 1887. Póòpù Benedict Kẹẹ̀ẹ́dógún kéde wọn ní alábùkún ní 1920, Póòpù Paul Kẹfà sọ wọ́n di Ẹni Mímọ́ ní 1964, ó sì wá sí Uganda fúnra rẹ̀ ní 1969. Póòpù tó wà lórí oyè kò tíì tẹ ilẹ̀ Áfíríkà ṣáájú ìgbà náà. Ọjọ́ 3 oṣù kẹfà 1975 ni wọ́n ya ilé ìjọsìn ńlá Namugongo sí mímọ́: ó rí roboto bí ilé Buganda, òpó 22 ló gbé e dúró, pẹpẹ rẹ̀ sì wà níbi tí Lwanga kú sí.

Ní Nàìjíríà níbí náà, ẹ ó máa rí ọmọ Àgùdà tó ń jẹ́ Kizito. Láti òru tí Lwanga ti rì í bọmi títí di òwúrọ̀ tí wọ́n dáná sun ún, ọjọ́ mẹ́sàn-án péré ni.