Níbo Lọmọ Yín Sùn Lánàá?

Báàgì ni mo kọ́kọ́ rí. Ọmọkùnrin náà gbé e wọ ọ́fíìsì mi láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, ó jókòó, ó gbé e lé itan, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú. Mo ní kó gbé e sílẹ̀ kí ara lè rọ̀ ọ́n. Ó ní, "Ẹ má ṣèyọnu, mà, ó dáa báyìí." Okùn báàgì náà ti já rí, wọ́n ti fi òwú dúdú rán an pọ̀. Olùkọ́ rẹ̀ ló ní kó wá rí mi, torí pé oorun ló ń sùn ní kíláàsì, èsì ìdánwò rẹ̀ sì ti já wálẹ̀ láàárín sáà kan ṣoṣo.

Ó pẹ́ tí mo ti ń gba àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì nímọ̀ràn. Tẹ́lẹ̀, "Kí ló ń ṣe ọ́?" ni mo fi ń bẹ̀rẹ̀. Mo ti pa ìyẹn tì. Ìbéèrè mi báyìí ni, "Níbo lo sùn lánàá?" Ọmọ náà wolẹ̀. Nígbà tó yá, ó ṣí báàgì: búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín nínú ọ̀rá, aṣọ ìbora tó ká pẹlẹbẹ, ṣẹ́ẹ̀tì méjì, gàrí nínú ike, ìwé ìkọ̀wé kan. Ó ti lé ní oṣù méjì tó ti ń sùn káàkiri: òru méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan, òru kan nínú kíláàsì tí wọn kì í tì, òru mìíràn ní mọ́ṣáláṣí. Ẹ̀yìn ìwé ìkọ̀wé yẹn ló kọ gbèsè rẹ̀ sí. Ìyá Oníbùkà, ₦700. Ẹni tí wọ́n jọ wà ní kíláàsì, ₦1,500. Ẹni tó ń bá wọn ṣe ẹ̀dà ìwé, ₦400. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦2,600, ó sì fi rúlà fa ìlà méjì sábẹ́ rẹ̀.

Ta ló máa rí ìwé yẹn tí á pe ọmọ yìí ní ọ̀lẹ?

Ìyá rẹ̀ ti ń gbààwẹ̀ lé e lórí nílé, ẹnì kan ti sọ fún wọn pé ayé ló ń da ọmọ náà láàmú. Mi ò bá àdúrà jà, èmi náà ń gbàdúrà. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí òbí mọ ohun tí àìríbisùn ń fi orí ọmọ ènìyàn ṣe. Òru ni ọpọlọ máa ń to ohun tí a kọ́ lọ́sàn-án sí àyè rẹ̀, àgbàlagbà sì nílò oorun wákàtí 7, ó kéré tán. Ẹni tó sùn síbi tí wọ́n ti lè lé e nígbàkúgbà, ojú rẹ̀ ló dì, etí rẹ̀ ò sùn. Kò sí bó ṣe lè kàwé tó, inú ajere ló ń pọn omi sí.

Àìlówó náà ní tirẹ̀. Lọ́dún 2013, àwọn olùwádìí kan gbé èsì jáde nípa àwọn àgbẹ̀ ìrèké ní Tamil Nadu, lórílẹ̀-èdè Íńdíà. Ìgbà ìkórè lowó máa ń wọlé fún àwọn àgbẹ̀ wọ̀nyí. Wọ́n dán làákàyè ẹnì kan náà wò lẹ́ẹ̀mejì, ṣáájú ìkórè nígbà tí ọwọ́ gbẹ, àti lẹ́yìn ìkórè nígbà tí owó ti dé. Ẹni kan náà ni o, orí kan náà, síbẹ̀ èsì ìgbà tí ọwọ́ gbẹ kò dára tó èsì ìgbà owó. Ìrònú àtijẹ ti gba àyè nínú orí, èyí tó ṣẹ́ kù ni wọ́n fi ń dáhùn ìbéèrè. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí fún ọmọ tó jókòó nínú gbọ̀ngàn ìdánwò, tó ń ṣírò owó tó kù nínú àkáǹtì rẹ̀.

Ohun tí iṣẹ́ yìí wá fi hàn mí ni pé àìmọ ìgbà tí owó máa dé ń wó ọmọ lulẹ̀ ju kíkéré owó lọ. Mo mọ àwọn tó ń fi owó táṣẹ́rẹ́ gbé ọ̀sẹ̀ tí ọkàn wọn sì balẹ̀, torí wọ́n mọ̀ pé ọjọ́ Ajé ò ní yẹ̀. Mo sì mọ àwọn tí òbí wọn kó owó gọbọi lé lọ́wọ́ nígbà tí sáà bẹ̀rẹ̀, tí gàrí gbẹ wọn dé egungun kó tó di ọ̀sẹ̀ kẹfà.

Ètò ilé gan-an kò ran ọ̀rọ̀ lọ́wọ́. Ibùsùn inú ọgbà kì í kárí ní ọ̀pọ̀ yunifásítì ìjọba, àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé àti àwọn tó fẹ́ jáde ni wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ rò. Àwọn tó kù á gba ìta lọ, Àgbọ̀wó àti Òrógùn n'Íbàdàn, Lágere n'Ífẹ̀, Bàrígà l'Ékòó. Owó ọdún kan ni onílé ń gbà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, a ò tíì ka ti ajẹ́ńtì àti àgírímẹ́ǹtì mọ́ ọn. Nígbà tí ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, daṣẹ́ sílẹ̀ láti ọjọ́ 14 oṣù Kejì sí ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2022, oṣù 8 ni kò fi sí ẹ̀kọ́, owó ilé kò dúró dè wọ́n. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo, ọkọ̀ àti oúnjẹ gbówó lérí. Ọdún 2023 yẹn náà ni owó tí akẹ́kọ̀ọ́ tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ń san ní Yunifásítì Èkó kúrò ní nǹkan bí ₦19,000, tó kọjá ₦100,000.

Nítorí náà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fowó ránṣẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa pín in. ₦5,000 tí kì í yẹ lọ́sẹ̀ sàn fún ọmọ ju ₦20,000 tó ń dé bí òjò ọ̀gbẹlẹ̀. Bí oṣù kan ò bá ní rọgbọ, ẹ sọ fún un kó tó dọjọ́. Ọ̀pọ̀ òbí gbà pé ìfẹ́ ni káwọn bo ìṣòro ilé mọ́ ọmọ lójú. Ọmọ náà ń bo tirẹ̀ mọ́ wọn lójú, gbogbo wọn á wá máa purọ́ "àlàáfíà ni" fún ara wọn lórí fóònù.

Tẹ́ ẹ bá ń wá ilé fún un, ẹ bá a lọ wò ó. Ẹ wo fèrèsé, ẹ béèrè omi, ẹ wo ibi tí àwọn ará ilé ń tan jẹnẹrétọ̀ sí. Afẹ́fẹ́ olóró kan wà nínú èéfín rẹ̀ tí kò ní àwọ̀, tí kò ní òórùn, tó ń pani lójú oorun. Ẹ béèrè lọ́wọ́ onílé bóyá ó lè gba owó náà díẹ̀díẹ̀. Òmíì á kọ̀, òmíì á gbà, pàápàá bó bá rójú òbí.

Owó ẹ̀yáwó ìjọba fún akẹ́kọ̀ọ́, tí àjọ NELFUND ń bójú tó, ti wà láti ọdún 2024. Kò ní èlé, ilé-ẹ̀kọ́ ni wọ́n ń san owó ẹ̀kọ́ fún tààrà, akẹ́kọ̀ọ́ sì lè béèrè ₦20,000 lóṣù fún àtijẹ àtimu. Ó di ọdún méjì lẹ́yìn ìsìnrú ìlú kí sísan tó bẹ̀rẹ̀. Mo fara mọ́ ọn ju àwọn áàpù orí fóònù tó ń yáni lówó wéréwéré lọ. Mo ti rí ọmọbìnrin tí irú wọn fi àtẹ̀jíṣẹ́ pè é ní olè sójú gbogbo ẹni tí nọ́ńbà rẹ̀ wà lórí fóònù rẹ̀, títí kan olùkọ́ rẹ̀.

Bí ọmọ bá ń sọ pé ikú yá ju kóun wà láyé lọ, ẹ má fi í sílẹ̀ lóun nìkan lóru ọjọ́ yẹn, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Nílẹ̀ wa níbí náà ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Thomas Adéoyè Lambo ti fi hàn, láti ọdún 1954, pé ilé jẹ́ ara oògùn. Ó ní kí àwọn aláìsàn ilé ìwòsàn ọpọlọ Àrò l'Ábẹ́òkúta máa gbé láàárín àwọn ará abúlé tó yí ilé ìwòsàn ká, pẹ̀lú ẹbí wọn, kí wọ́n máa wá gba ìtọ́jú lójúmọmọ. Ẹni tórí rẹ̀ ń dà rú nílò ibi tí wọ́n ti ń retí rẹ̀ nírọ̀lẹ́.

Bíríkìlà ni bàbá ọmọ báàgì. Nígbà tí mo pè wọ́n, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ sọ ni, "Kí ló dé tí kò sọ fún mi?" Ọmọ náà jókòó níwájú mi, ó ń gbọ́. Ó sọ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ pé, "Wọ́n ti ta ọ̀kadà wọn torí owó ilé-ẹ̀kọ́ mi, mà."

A pe káàkiri. Ìyá kan tó jẹ́ ará ìlú wọn, tó ń gbé nítòsí ọgbà, fún un ní yàrá ọmọ rẹ̀ tó lọ sìnrú ìlú, oṣooṣù ni yóò máa san ìwọ̀nba tí wọ́n fẹnu kò sí. Bàbá rẹ̀ ní ọjọ́ Àbámẹ́ta ni àwọn ń gbowó iṣẹ́, nítorí náà ọjọ́ Ajé ni wọ́n á máa fi ránṣẹ́. Ọjọ́ Ajé àkọ́kọ́ tí owó náà wọlé, ó lọ bá Ìyá Oníbùkà, ó san ₦700, ó sì fi rúlà fa ìlà gba orí orúkọ wọn.