Òkúta Àrò ló bí Tarkwa Bay

Ọ̀pọ̀ ará Èkó tó ń lọ ṣe fàájì ní etíkun Tarkwa Bay ló gbà pé bí Ọlọ́run ṣe dá ibẹ̀ nìyẹn: omi tó dákẹ́ rọ́rọ́ nígbà tí òkun ń bú lẹ́yìn rẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Òkúta ló fi omi náà lọ́kàn balẹ̀, òkúta ilẹ̀ Ẹ̀gbá sì ni.

Láyé àtijọ́, yanrìn ló dí ẹnu ibi tí ọ̀sà ti ń bá òkun pàdé. Òkun kì í hó ruru ká wà á ruru, àwọn tó wa ọkọ̀ gba ibẹ̀ mọ̀ bẹ́ẹ̀: ìgbì tó bá fọ́ lórí yanrìn yẹn lè da ojú ọkọ̀ dé. Ọkọ̀ ńlá á dúró lójú òkun, wọ́n á wá fi àpótí sọ èrò kalẹ̀ sínú ọkọ̀ kékeré. Ẹrù mìíràn tilẹ̀ ń gba Forcados kọjá. Ta ló wà ní Tarkwa nígbà náà? Ó jọ pé apẹja Àwórì àti Ẹ̀gùn ló ń pàgọ́ síbẹ̀, torí ẹja fẹ́ràn ibi tí omi iyọ̀ àti omi aláìníyọ̀ ti dà pọ̀. Bóyá wọ́n á kọ́kọ́ bẹ Olókun kí wọ́n tó ju àwọ̀n, bóyá Ọlọ́sà. Èdè wa kì í da àwọn méjèèjì pọ̀, ibẹ̀ sì wà ní ààlà wọn gan-an.

Ọdún 1908, láyé Gómìnà Walter Egerton, ni iṣẹ́ ògiri òkúta bẹ̀rẹ̀ lẹ́nu omi. Àrò, lẹ́bàá Abẹ́òkúta, ni wọ́n ti ń fọ́ òkúta, rélùwéè sì ń kó o wá sí Èkó. Àwọn tó sá sábẹ́ òkúta Olúmọ nígbà ogun wá di ẹni tí òkúta ilẹ̀ wọn ń gba Èkó lọ́wọ́ ìgbì! Láti ìwọ̀-oòrùn sí ìlà-oòrùn ni yanrìn etí òkun wa ń rìn. Ògiri ìwọ̀-oòrùn dá a dúró, etíkun Lighthouse wá ń fẹ̀ sí i, ìgbì inú ògiri, níbi tí Tarkwa Bay wà, sì rọ̀. Etíkun Bar Beach lódìkejì kò rí yanrìn gbà mọ́, òkun sì jẹ ẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Lẹ́yìn náà ni ìgbafẹ́ dé, àwọn ọmọ ibẹ̀ ń fi pákó gun ìgbì. Ní January 2020, wọ́n lé ọ̀pọ̀ olùgbé kúrò.

Kò sí títì tó débẹ̀. Bóòtì láti èbúté CMS ní Lagos Island ń lò tó ogún ìṣẹ́jú. Ẹ fẹnu kò lórí owó àlọ àti àbọ̀ pọ̀ kí ẹ tó wọ bóòtì, àmọ́ ẹ má san ti àbọ̀ títí ẹ ó fi padà gúnlẹ̀. Ẹ so gbogbo okùn láìfù jákẹ́ẹ̀tì. Èyí tó tú lọ́rùn á yọ lára ẹni tó bá já sómi. Ẹ padà kí ilẹ̀ tó ṣú. Inú ògiri ni kí ẹ̀kọ́ lílúwẹ̀ẹ́ mọ: lóde, ní Lighthouse, omi lè fa ènìyàn lọ. Bó bá fà yín, ẹ má bá a jà, ẹ lúwẹ̀ẹ́ gba ẹ̀gbẹ́ etíkun títí yóò fi tú yín sílẹ̀. Ẹ má sì gun ògiri òkúta náà, ewéko omi tó bò ó ń yọ̀.