Ṣé títẹrí sórí fóònù ló ń fa ọrùn dídùn?

Kí ọrùn ṣáà ti máa dun ènìyàn, fóònù ni wọ́n á dá lẹ́bi. Bó bá jẹ́ ẹ̀yìn, wọ́n á ní àìnàró ni. Ọ̀rọ̀ náà ti sú mi, torí ó ń mú kí ènìyàn máa bẹ̀rù ara òun fúnra rẹ̀.

Àwòrán orí tó tẹ̀ síwájú, tí wọ́n kọ kílò 27 sí lẹ́gbẹ̀ẹ́, ti dé orí WhatsApp gbogbo wa. Kenneth Hansraj, dókítà oníṣẹ́ abẹ ọ̀pá ẹ̀yìn ní New York, ló gbé iye yẹn jáde lọ́dún 2014. Kọ̀ǹpútà ló fi ṣírò rẹ̀: bí orí tó wọn bíi kílò márùn-ún bá tẹ̀ dé dígírì 60, ẹrù tó já lé ọrùn á tó 27. Kò wọn ọrùn alààyè kankan, kò sì bi ẹnikẹ́ni bóyá ọrùn ń dùn ún. Ẹrù ló ṣírò, kò ṣírò ìrora. Kẹ́ẹ̀gì omi lítà 20 jẹ́ kílò 20. Fi orí ẹni tó rù ú kún un, ó di 25. Mi ò sọ pé ọrùn ò lè dun apọnmi. Ṣùgbọ́n iye kílò nìkan ò lè sọ ẹni tí yóò dùn.

Ní Perth, ní Ọsirélíà, wọ́n wo ìjókòó àwọn ọmọ ọdún 17 tó lé ní 1,000. Àwọn tó máa ń tẹrí síwájú ò ní ọrùn dídùn ju àwọn tó ń nàró lọ.

Bí ìjókòó kan bá ń dùn ọ́, yí i padà. Jíjókòó sójú kan pẹ́ máa ń mú ara gan. Àìsùn àti ìdààmú ọkàn náà máa ń dá kún ìrora. Ó ṣeé ṣe kí ìjókòó ní ipa tirẹ̀ lára àwọn kan, àmọ́ kò tó ohun tí à ń dá lẹ́bi fún gbogbo ìrora.

Èyí tó ń dùn mí jù ni ọmọ tí eegun ẹ̀yìn rẹ̀ ń yọ síta, tí wọ́n ń gbá lẹ́yìn pé: "Nàró, kí o má baà di abuké!" Ó lè jẹ́ ikọ́ fée ló fà á, torí ikọ́ fée lè wọ eegun ẹ̀yìn, á jẹ ẹ́ títí yóò fi tẹ̀. Bí ọmọ bẹ́ẹ̀ bá tún ń rù, tí ibà ń mú un lálẹ́, tàbí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń kú tipiri, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn ìjọba lónìí. Ọ̀fẹ́ ni oògùn ikọ́ fée níbẹ̀.