Kí ni ṣe-bí-ẹgbẹ́? Ìdí tí ẹnu wa fi ń gba ohun tí ọkàn wa kọ̀

Ká ní ìpàdé ẹbí ni, ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì, lórí ìsìnkú màmá. Olórí ẹbí ní aṣọ ẹbí ọ̀pá márùn-ún yóò jẹ́ ₦45,000, ó wá bèèrè pé, "Ṣé a jọ gbà bẹ́ẹ̀?" Ẹni tó jókòó tì í ní, "A gbà." Ẹnì kejì gbà, ẹnì kẹta gbà. Ó kan ẹnì kẹrin, tí owó ilé-ìwé ọmọ méjì wà lọ́rùn rẹ̀, tó sì ti ṣírò rẹ̀ lọ́kàn pé agbára òun ò ju ₦15,000 lọ. Òun náà ní, "A gbà, sà."

Ohun tó mú ẹnì kẹrin yìí ni à ń pè ní ṣe-bí-ẹgbẹ́: kí èèyàn yí ọ̀rọ̀ tàbí ìṣe rẹ̀ padà kó lè bá ti àwọn tó yí i ká mu, láìsí pé ẹnikẹ́ni pàṣẹ. Bí olórí ẹbí bá ti sọ pé ẹni tí kò bá ra aṣọ yóò san owó ìtanràn, ìgbọràn nìyẹn, ọ̀rọ̀ mìíràn ni. Níbí, kò sẹ́ni tó halẹ̀ mọ́ ọn.

Solomon Asch, onímọ̀ nípa ìhùwàsí ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, gbé e yẹ̀ wò, ó sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 1951. Ó fa ilà kan sórí káàdì, ó fa mẹ́ta sórí òmíràn, ó ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọkùnrin sọ èyí tó bá ilà àkọ́kọ́ dọ́gba. Ẹni tó bá dá a ṣe kì í sábà ṣì í. Ṣùgbọ́n nínú yàrá náà, ẹnì kan ṣoṣo ni kò mọ̀ pé wọ́n ti bá àwọn yòókù sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ kí wọ́n jọ fi ohùn kan ṣì í. Nínú ìbéèrè 18, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣi 12. Ní nǹkan bí ìgbà kan nínú mẹ́ta, ẹni tí wọ́n ń dán wò náà gbà pẹ̀lú wọn, bẹ́ẹ̀ ojú rẹ̀ là kedere. Bí ìdá kan nínú mẹ́rin àwọn tí wọ́n dán wò ni kò yẹsẹ̀ rárá.

Nígbà tí wọ́n bi wọ́n léèrè lẹ́yìn náà, àwọn kan ní àwọn rò pé ojú àwọn ló ní àléébù. Àwọn mìíràn mọ̀ pé àwọn tọ̀nà, wọn ò kàn fẹ́ dá yàtọ̀. Ẹ mú méjèèjì sọ́tọ̀ o, nítorí oògùn wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Ẹni tó ń ṣiyèméjì nílò ẹ̀rí. Ẹni tó ń bẹ̀rù ìtìjú nílò ẹnì kejì.

Ọ̀rọ̀ ẹnì kejì yìí ló wú wa lórí jù. Bí ẹni tó ń mọ̀ọ́mọ̀ ṣì í bá jẹ́ ẹyọ kan, ipá rẹ̀ lórí ẹni tí wọ́n ń dán wò kò tó nǹkan. Bí wọ́n bá pé mẹ́ta, ipá náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún. Kí wọ́n di mẹ́jọ kò fi ohun púpọ̀ kún un. Ìfohùnṣọ̀kan gan-an ló ń pani lẹ́nu mọ́. Nígbà tí Asch fi ẹnì kan ṣoṣo tó ń sọ òótọ́ sáàárín wọn, àṣìṣe náà lọ sílẹ̀ gidigidi. Kódà bí ẹni yẹn bá ń sọ ohun tó tún burú ju ti gbogbo wọn lọ, ọkàn ẹni tí wọ́n ń dán wò ṣì máa ń balẹ̀ díẹ̀. Ṣùgbọ́n bí alátìlẹ́yìn yẹn bá yí padà sí ọ̀dọ̀ àwọn yòókù láàárín ìjókòó, ìbẹ̀rù padà dé bíi ti tẹ́lẹ̀. Nítorí náà, ẹ má mú ẹni tí ọkàn rẹ̀ kì í dúró lójú kan ṣe alátìlẹ́yìn.

Nínú ìjíròrò ẹbí lórí WhatsApp, ó tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èèyàn 60 wà níbẹ̀, márùn-ún kọ "Àmín, a gbà," 55 dákẹ́. Olúkúlùkù nínú àwọn 55 ka ìdákẹ́jẹ́ ẹlòmíràn sí ìfọwọ́sí, ó sì ka ti ara rẹ̀ sí ìbẹ̀rù. Báyìí ni ohun tí ọ̀pọ̀ ò fẹ́ ṣe ń di àṣà ìdílé.

Kí ẹ tó dé ìpàdé, ẹ kọ iye tí agbára yín ká sórí ìwé, nítorí lẹ́yìn tí àgbà bá ti dárúkọ ₦45,000, ₦30,000 yóò dà bí owó kékeré lójú yín. Ẹ bá ẹnì kan tí ẹ gbọ́kàn lé sọ̀rọ̀ lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, kí ẹ sì tètè sọ tiyín: lẹ́yìn ẹnì kẹta, ẹnu ti wúwo. Ẹ kúnlẹ̀ tàbí kí ẹ dọ̀bálẹ̀, ẹ tọrọ àyè, bí ẹ bá sì fẹ́ pa òwe, ẹ ní "tótó, ó ṣe bí òwe o, ẹ̀yin àgbà." Yorùbá ti la ọ̀nà fún ọmọdé láti sọ tẹnu rẹ̀ lójú àgbà, ọ̀pọ̀ wa ni kì í gbà á. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ ń darí ìpàdé, ẹ sọ̀rọ̀ kẹ́yìn, kí ẹ sì pín ìwé kékeré kí oníkálukú kọ iye tirẹ̀ láìfi orúkọ sí i. Asch náà rí i pé ẹni tó bá kọ èsì sílẹ̀ ní ìkọ̀kọ̀ kì í tẹ̀ lé èrò tó bẹ́ẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo ṣe-bí-ẹgbẹ́ ló burú. Láti ọjọ́ 2 oṣù kẹrin ọdún 1972 ni a ti ń wa ọkọ̀ lápá ọ̀tún ní Nàìjíríà. Ẹni tó bá ní òun ń dá ronú, tó wá gba apá òsì ní òpópónà Adó sí Ìkẹ́rẹ́, yóò pa èèyàn. Ẹni tó sì ń yapa torí kó ṣáà lè yapa, ẹgbẹ́ náà ló ṣì ń darí rẹ̀: ó ní láti mọ ibi tí wọ́n kọjú sí kó tó mọ ibi tí yóò gbà.

Ẹni tó bá dá dúró yóò san nǹkan kan. Wọ́n lè pe ẹni tó wọ aṣọ àná ní ahun títí ọdún yóò fi yípo. Edwin Hollander, tí òun náà jẹ́ onímọ̀ nípa ìhùwàsí ẹ̀dá, ṣàlàyé ní 1958 pé ẹgbẹ́ máa ń fàyè gba ìyàtọ̀ lọ́dọ̀ ẹni tó ti ṣe ojúṣe rẹ̀ dáadáa láàárín wọn. Nílé wa, èyí túmọ̀ sí pé kí owó oṣooṣù ẹbí yín má pẹ́, kí ẹ wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń ta àtíbàbà, kí ẹ sì bá wọn gúnyán ní ìdájí ọjọ́ ìsìnkú, kí ẹ tó wí pé, "Ẹ̀yin bàbá, mi ò ní lè ra aṣọ yìí."