Ilé Jákàńdè

Ilé Jákàńdè, tàbí Jákàńdè Ẹ́sítéètì, ni orúkọ tí àwọn ará Èkó ń pe àwọn ilé olówó pọ́ọ́kú tí ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó kọ́ nígbà tí Lateef Káyọ̀dé Jákàńdè jẹ́ gómìnà, láti oṣù kẹwàá 1979 títí di ìparí 1983. Kì í ṣe ojú kan ṣoṣo ló wà. Ẹni tó bá wọ ọkọ̀ tó ní Jákàńdè lòun ń lọ, kọ̀ńdọ́ á bi í pé èwo nínú wọn: ti Òkè-Àfà ní Ìsọlọ̀ ni àbí ti Ìlàsàn ní Lékkí? Òmíràn wà ní Abẹ́sàn, Ìjàyè, Ìbà, Ìponrí àti Àmùwò-Ọ̀dọ̀fin.

Wàhálà ilé ti pẹ́ l'Ékòó. Àrùn tí eku ń kó ran ènìyàn, tó jà nílùú náà láti 1924, ló mú kí ìjọba amúnisìn dá àjọ LEDB (Lagos Executive Development Board), tó ń bójú tó ètò ìlú àti ilé, sílẹ̀ ní 1928. Ní 1955, àjọ yìí bẹ̀rẹ̀ sí í wó ilé nínú àwọn àdúgbò tó há gádígádí ní Erékùṣù Èkó, wọ́n sì kó àwọn kan nínú àwọn tó ń gbé ibẹ̀ lọ sí Sùúrùlérè. Ilé ọ̀hún dára, àmọ́ ó jìnnà sí ọjà tí àwọn ìyá ọlọ́jà ti ń rí oúnjẹ òòjọ́. Ní 1972, wọ́n pa LEDB pọ̀ mọ́ àwọn àjọ mìíràn, ó di LSDPC (Lagos State Development and Property Corporation), àjọ tó ń bójú tó ilé àti ilẹ̀ fún Ìpínlẹ̀ Èkó.

Títí Jákàńdè fi dé, yàrá kan ṣoṣo ni ọ̀pọ̀ ìdílé ń háyà nínú ilé tí yàrá kọjú síra lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn, tí gbogbo ayálégbé jọ ń lo ilé ìdáná àti ilé ìwẹ̀ kan náà. Nínú ètò pàtàkì mẹ́rin tí ẹgbẹ́ òṣèlú Jákàńdè, UPN (Unity Party of Nigeria), gbé síwájú ará ìlú, ilé kò sí níbẹ̀ rárá, síbẹ̀ òun ni ọ̀pọ̀ fi ń rántí ọkùnrin náà. Nínú ilé ara rẹ̀ ní Ìlúpéjú lòun fúnra rẹ̀ ń gbé nígbà tó wà nípò. Iye fúláàtì tí wọ́n máa ń dárúkọ pé ó kọ́ wà láàárín 20,000 sí 30,000.

Òfin Ilẹ̀ ọdún 1978 ti fi ilẹ̀ sábẹ́ àṣẹ gómìnà, nítorí náà ìjọba kò wá ilẹ̀ tì. Àwòrán kan náà ni wọ́n tẹ̀ lé láti búlọ́ọ̀kù dé búlọ́ọ̀kù: ilé alájà, yàrá kéékèèké, ògiri tí kò ní ọ̀ṣọ́ kankan. Títà ni wọ́n ń tà á, wọn kì í fi háyà. Ìjọba àpapọ̀ lábẹ́ Shehu Shagari náà bẹ̀rẹ̀ ètò tirẹ̀ ní 1980, pẹ̀lú èrò pé ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan yóò gba ilé 2,000 lọ́dọọdún, àmọ́ ọ̀pọ̀ rẹ̀ kò dé òpin.

Ìfipágbàjọba ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá 1983 ló fòpin sí iṣẹ́ náà. Nígbà tí ìjọba ológun lé nǹkan bí 300,000 ènìyàn kúrò ní Màrókò, àdúgbò àwọn mẹ̀kúnnù kan l'Ékòó, ní oṣù Keje 1990, fúláàtì tí kò tíì parí ní Ìlàsàn àti Ìkọtà, tí òun náà wà ní apá Lékkí, ni wọ́n fún ìwọ̀nba díẹ̀ nínú wọn.

Lónìí, ó ṣòro láti dá ìrísí tí àwọn ilé yìí ní nígbà tí wọ́n kọ́ wọn mọ̀. Àwọn tó wà nísàlẹ̀ ti fọ́ ojú fèrèsé di ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ti fi búlọ́ọ̀kù fa yàrá kan sí i síta. Àwọn tó wà lókè ń gbé kẹ́ẹ̀gì omi gun àtẹ̀gùn. Bí kòtò ìgbẹ́ bá kún, owó ni wọ́n ń dá jọ láti pe ọkọ̀ tó ń fà á. Òrùlé jíjò ló sábà máa ń dá ìjà sílẹ̀, torí ẹni tó wà nísàlẹ̀ kò gbà pé ó kan òun.

Ní 2016, ìjọba Èkó gbé ètò háyà-di-onílé kalẹ̀: ẹni tó bá fẹ́ ilé yóò kọ́kọ́ san ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún, yóò sì fi ọdún 10 san ìyókù. Ó gbọ́dọ̀ fi ìwé owó orí hàn, kó sì fi ẹ̀rí iye tó ń wọlé fún un sílẹ̀. Èyí nira fún ọlọ́jà, torí owó tó ń wọlé fún un kì í sábà wà nínú ìwé kankan.