"Fọ́tò: Google" kì í ṣe orúkọ ẹnikẹ́ni

Nígbà tí máńgòrò gbòde ní Ògbómọ̀ṣọ́ lọ́dún tó kọjá, àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama tí mo máa ń bá tọ́jú ìkànnì ìròyìn wọn kọ ìròyìn kan tó dùn ún kà. Wọ́n ka apẹ̀rẹ̀ tó wà níwájú ìyá kan lọ́jà, wọ́n béèrè iye tó ń tà á, wọ́n sì kọ bí èyí tó bá ti rà jù ṣe ń di oúnjẹ ewúrẹ́. Fọ́tò tí wọ́n wá gbé lé e lórí ńkọ́? Obìnrin kan tó wọ aṣọ àwọn ará Íńdíà ló jókòó ti máńgòrò, tí ẹ̀gbà kún ọwọ́ rẹ̀ dé ìgúnpá. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sábẹ́ rẹ̀ pé: "Fọ́tò: Google." Ìlú tí máńgòrò ti ń já lu òrùlé wa lóru, àwa la lọ yá ti Íńdíà.

Ẹ̀rín la kọ́kọ́ rín. Ìgbà tí mo bi olóòtú wọn, ọmọ SS2 ni, ó ní, "Ẹ má bínú sà, a ṣáà kọ ibi tá a ti rí i." Ó dá a lójú pé ohun tó yẹ lòun ṣe. Mi ò sì lè dá a lẹ́bi púpọ̀, torí àwọn àgbà tó ń gbé ìròyìn jáde náà ń kọ ohun kan náà lójoojúmọ́. Ohun tí wọ́n gbà gbọ́ ni pé fọ́tò tí Google bá ti gbé jáde, ti gbogbo ayé ni, àti pé ẹni tó bá ti dárúkọ Google ti san gbèsè tó jẹ.

Ẹni tó bá ti wọkọ̀ ní Tákíẹ́, ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, rí mọ agbèrò. "Ìlọrin, Ìlọrin! Ó ku ẹnì kan!" Òun ló pè ọ́, òun ló nawọ́ sí ọkọ̀ fún ọ, àmọ́ kì í ṣe òun ló ni ọkọ̀. Iṣẹ́ agbèrò ni Google ń ṣe. Ó ní ẹ̀rọ tó ń lọ láti ìkànnì dé ìkànnì, tó ń wo ohun tó wà níbẹ̀, tó sì ń ṣe ẹ̀dà kékeré fọ́tò kọ̀ọ̀kan kó lè fi hàn wá tá a bá wá a. Fọ́tò gan-an ṣì wà nílé ẹni tó ni ín. Google fúnra rẹ̀ máa ń kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ fọ́tò pé ó lè ní ẹni tó ni ẹ̀tọ́ sí i. Lẹ́tà rẹ̀ ló kéré, ojú wa kì í débẹ̀.

Òfin tí Nàìjíríà ń lò báyìí lórí ẹ̀tọ́ tí oníṣẹ́ ní sí iṣẹ́ rẹ̀ (Copyright Act) ni ti ọdún 2022, tí Ààrẹ Buhari buwọ́ lù ní oṣù Kẹta ọdún 2023. Lójú òfin náà, ẹni tó bá ya fọ́tò ti ní ẹ̀tọ́ sí i látìgbà tó ti yà á. Kò dìgbà tó bá lọ forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ níbì kankan. Ọdún 50 lẹ́yìn ọdún tí fọ́tò náà kọ́kọ́ jáde ni ẹ̀tọ́ yẹn tó tán. Fọ́tò tó wá láti Íńdíà náà kò sì yàtọ̀, torí Nàìjíríà ti wọ àdéhùn Berne, tí àwọn orílẹ̀-èdè fi ń dáàbò bo iṣẹ́ ará ibòmíì, láti 1993, Íńdíà náà sì wà nínú rẹ̀.

"Ṣùgbọ́n ilé ẹ̀kọ́ ni wá, a kì í gbowó." Òótọ́ díẹ̀ wà nínú èyí. Òfin fàyè gba kéèyàn lo iṣẹ́ ẹlòmíì láti fi ròyìn ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lọ́wọ́, bí ìlò náà bá mọ níwọ̀n, tí kò sì ba ọjà onínǹkan jẹ́. Àmọ́ ẹ gbọ́ ohun tó fi dè é: bó bá ti ṣeé ṣe, ẹ gbọ́dọ̀ dárúkọ ẹni tó ṣe iṣẹ́ náà. Àyè tá a sá sí gan-an ló tún wá ń béèrè orúkọ lọ́wọ́ wa! Ẹni tó kọ "Google" kò tíì dárúkọ ẹnikẹ́ni. "Bí mo ṣe gbà á lórí WhatsApp" náà, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n.

Èyí tó tún burú jù ni ti oní-fọ́tò kan níhìn-ín. Ó rí fọ́tò ìkẹ́kọ̀ọ́yege tó yà lórí ìkànnì àwọn ọmọ wọ̀nyí, wọ́n ti gé igun ìsàlẹ̀ rẹ̀, níbi tí nọ́ńbà fóònù rẹ̀ wà, kúrò "kó lè mọ́". Ó wá bá wa. Kò pariwo. Ó kàn ní, "Nọ́ńbà tí ẹ gé sọnù yẹn, òun làwọn oníbàárà fi ń rí mi." Òfin ọdún 2022 sì dìídì ka yíyọ irú àmì bẹ́ẹ̀ kúrò lára iṣẹ́ orí ayélujára léèwọ̀. Ọjọ́ yẹn gan-an la yọ fọ́tò náà, tá a sì bẹ̀ ẹ́.

Ọ̀nà àbáyọ kò le. Tẹ fọ́tò náà títí wàá fi dé ìkànnì tó ti wá, wá orúkọ ẹni tó yà á, kí o sì tọrọ rẹ̀. Tàbí kí o lọ sí Wikimedia Commons, ìkànnì tí wọ́n ń kó fọ́tò jọ sí fún ìlò gbogbo èèyàn, tó ti wà láti 2004. Àwọn tó kó fọ́tò síbẹ̀ ti fọwọ́ sí i ṣáájú pé kí aráyé lò ó. Púpọ̀ nínú wọn ní kí o ṣáà kọ orúkọ àwọn àti irú ìyọ̀ǹda tó wà lórí fọ́tò náà. Google náà ní ibi tí wọ́n ti ń sẹ́ irú èyí sọ́tọ̀: tẹ "Tools", kí o tẹ "Usage Rights".

Lọ́dún yìí, ọjà ni wọ́n lọ fúnra wọn, fóònù olùkọ́ kan ni wọ́n mú dání. Ìyá eléso kò gbà kí wọ́n ya òun àfìgbà tó tún gèlè rẹ̀ wé. Oòrùn wà lẹ́yìn rẹ̀, ojú rẹ̀ ṣókùnkùn díẹ̀ nínú fọ́tò náà, orúkọ ọmọ tó yà á sì wà lábẹ́ rẹ̀. Olóòtú wa wò ó títí, ó ní, "Sà, ti Íńdíà yẹn ṣì mọ́lẹ̀ jù ú lọ." Irọ́ kọ́.